Fídíò Tó Ń Mi Orí

"Olùkọ́ inú fóònù! Ṣé òun ló máa rí i bó bá ń tòògbé?" Ìyá wa dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó kọjú sí bàbá wa.

"Ṣebí níwájú olùkọ́ tó wá sílé lọ́dún tó kọjá náà ló ti ń tòògbé?" Bàbá wa ti wọ bàtà, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà ń dúró dè é. "Jẹ́ kó gbìyànjú ti orí fóònù."

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹsẹ̀-ò-gbélé là ń pè é, orúkọ náà sì ń ro ó gan-an. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kí o tó mọ̀, ó ti dé ìta. Bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò tó ń bọ̀, yóò tún kíláàsì náà kà, àbíkẹ́yìn wa obìnrin yóò sì bá a níbẹ̀. Ìtìjú ńlá! Ọkàn ẹnikẹ́ni ò balẹ̀ nílé wa.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá ti gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù níta, ìdí rẹ̀ kì í gba àga mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òpònú bíi tirẹ̀, ló kọ́ ọ pé kó ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń mi orí bí ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó fi ìyẹn dípò ara rẹ̀ lójú fóònù.

"Olùkọ́ ò ní mọ̀. Ṣebí orí ló fẹ́ rí?"

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fò jáde.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìdánwò, mo ń gbálẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn olùkọ́ náà. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣé kò tíì yé ẹ ni?"

Fídíò mi orí.

"Ṣé kí n tún un ṣe?"

Fídíò tún mi orí.

"Kò burú. Má bẹ̀rù, ó máa ń le lójú gbogbo wa níbẹ̀rẹ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Mo wo àga, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Yéè! Mo pe ìyá wa. Ó wo fóònù, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó jáde lọ fa ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Jókòó. Gbọ́ bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń pa ara rẹ̀ nítorí tìẹ."

Omi bọ́ lójú Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Àánú olùkọ́ yẹn ṣe mí ju tirẹ̀ lọ, n ò ní purọ́.

Ó fìdí rẹmi. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, òun àti àbíkẹ́yìn wa jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá wa wá bẹ màmá àgbà kan ládùúgbò, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní kó máa wá kọ́ àwọn méjèèjì nílé.

"Ó yé ẹ?" Màmá olùkọ́ bi í.

"Ó yé mi, mà." Bẹ́ẹ̀, ojú fèrèsé ló ń wò.

"Ó dáa. Gba ṣọ́ọ̀kì, kọ́ àbúrò rẹ."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró gbagidi. Àbíkẹ́yìn wa tẹjú mọ́ ọn, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń dúró de ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ. Ẹsẹ̀-ò-gbélé gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Kò yé mi, mà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti ọdún tó kọjá ni kò ti yé mi."

"O ṣeun, ọkọ mi. Ó wá kù kí n kọ́ ọ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín wà lórí fóònù tàbí kó jókòó tì yín, èyí tó bá wù yín. Ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun ti mọ̀, kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ ọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.