Ẹrù Ìyàwó Lọ́wọ́ Aṣọ́bodè

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1997, Dorcas, ìyàwó Isaiah Adékọ̀yà, kú ní Tanke, Ìlọrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á.

Ọdún 1989 ni wọ́n pàdé. Aṣọ́bodè ni Isaiah, ó ń yẹ ẹrù wò níbi tí ọkọ̀ láti ilẹ̀ Benin ti ń dúró kí ó tó wọ Ìlọrin. Dorcas ń kó òrí bọ̀ láti Parakou ní Benin wá sí ọjà Ìpàtá.

"Níbo ni wọ́n ti ṣe òrí yìí?"

"Ìdí ààrò ìyá mi."

"Orílẹ̀-èdè ni òfin ń béèrè, àǹtí. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní Benin gan-an kì í san owó ibodè. Èyí tó kàn gba ibẹ̀ kọjá ló ń san."

"Ẹ tọ́ ọ wò, ọ̀gá. Bó bá jọ ti òyìnbó, ẹ gba owó yín."

Isaiah kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ Dorcas wọ̀ ọ́ lọ́kàn lọ́jọ́ náà, kò sì jáde mọ́.

Bàbá Dorcas, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń ṣòwò ní Parakou, fajú ro. "Aṣọ́bodè! Ẹni tó ń tú ẹrù wa ni kí n fún lọ́mọ?" Dorcas bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá àti Dorcas bá ẹrù ìyàwó wọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ti di abọ́ tánganran jọ rẹpẹtẹ bí àṣà wọn ní Parakou, kí ìyàwó lè pín in fún gbogbo obìnrin ilé ọkọ. Kò mọ̀ pé lójú òfin, ohun tí èèyàn yóò fúnra rẹ̀ lò nìkan ni ẹrù ara ẹni. Abọ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọjà ni.

Isaiah ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọkọ ìyàwó, ṣínà fún wa," bàbá wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò lè dájọ́ ẹrù ìyàwó ara mi." Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Abdulkadir.

Abdulkadir tú ẹrù wò. "Aṣọ, odó, ìkòkò, ẹ máa gbé wọn lọ. Abọ́ yìí, wàláhì, ẹ ó sanwó rẹ̀."

"Èmi ni n ó san án," ni Isaiah wí.

"O ò ní san án!" bàbá figbe ta. "Ṣé ọmọ mi lẹ fẹ́ sọ di ọjà? Dírẹ́bà, yí ọkọ̀ padà! Kò sí ìgbéyàwó mọ́."

Isaiah kò yí ọ̀rọ̀ padà. Dorcas bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí abọ́ padà. Èmi ò padà. Ẹni tí kò lè torí mi rẹ́ ìjọba jẹ, ṣé ó lè rẹ́ mi jẹ?" Ó kọjú sí Abdulkadir. "Èmi náà ńkọ́, ọ̀gá? Irú ẹrù wo ni mo jẹ́?"

"Ìwọ? Ọmọ Ọ̀mù-Àrán! A kì í gbowó ibodè lórí ọmọ tó ń bọ̀ wálé. Kọjá, jàre."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. "Olóríkunkun méjì ló pàdé ara wọn," ó ní. "Ẹ wá ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Parakou, kí ó bá mi kó abọ́ náà."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ewé ni wọ́n fi bu oúnjẹ fún àwọn obìnrin ilé ọkọ. "Ìyàwó eléwé!" ni wọ́n ń pè é.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé kò dùn ẹ́?" Isaiah bi í.

"Ìsinmi ni fún mi, olówó orí mi. Ta ló ń fọ ewé?"

Ọdún méje ni wọ́n fi gbé pọ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnì kejì nínú wọn.

Ohun tí Dorcas fi sílẹ̀ nìyí: awò ojú kan, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ebè ata lẹ́yìn ilé, tó ti ń pọ́n, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí apá kan ṣì kù láti rán, Ìtùnú, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́fà, àti Isaiah, tó ń kọ́ irun dídì.