Bọ́ọ̀dù Tó Lẹ̀ Mọ́ Irin

Díráyà tí Hameedat, tó ń tún rédíò ṣe, yá lọ́wọ́ onídìrí tó múlé gbè é ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ti fẹ́ ooru sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù inú sípíkà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹni tó ni sípíkà tó na ọwọ́ sí i. Hameedat gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ga, ó dúdú, eruku ọ̀nà Oǹdó ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ìró ìyá rẹ̀ ló fi wé sípíkà náà, ó sì gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bísọ́dún lorúkọ rẹ̀. Ó ní sítúdíò kékeré kan ní Oǹdó, níbi tó ti ń gba orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ti gbẹ láàárín bọ́ọ̀dù àti irin tó ń gba ooru rẹ̀. Hameedat fi ooru rọ̀ ọ́, ó ki òwú ìránṣọ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fà á lọ fà á bọ̀. Ó rí ibi kan tí bàbà tí iná ń gbà kọjá lójú bọ́ọ̀dù ti ya.

"Ẹ ti kọ́kọ́ fi agbára fà á nílé."

"Mo fà á díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn ló já ọ̀nà iná yìí."

Bọ́ọ̀dù náà bọ́. Hameedat fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó ibi tó já pọ̀. Nígbà tó tan iná, ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ kedere. Bísọ́dún tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó béèrè oríkì Hameedat.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí n ó máa pè yín."

"Àbẹ̀bí."

Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé òmíràn wá. Hameedat tú u, kò rí nǹkan kan. Ó ní kó lọ bà á jẹ́ dáadáa kó tó gbé e padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbé sípíkà kankan dání. Kí ọyẹ́ tó parí, Hameedat náà ti ń lọ kí i, ó sì ti mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Oǹdó.

Àlàájì Làmídì, bàbá Hameedat, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́. Áńgílíkà ni Bísọ́dún àti Mary, ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí Bísọ́dún lọ sọ fún Àlàájì pé òun fẹ́ fẹ́ Hameedat, kí àgbà náà tó béèrè ohunkóhun, ó ti ní òun yóò di Mùsùlùmí ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Àlàájì béèrè bóyá ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó ní rárá.

"Ẹni tó kúrò nílé ìyá rẹ̀ láìdágbére, yóò kúrò nílé tèmi náà."

Hameedat kò ní kó yí ẹ̀sìn padà rí. Ó pè é lórí fóònù. "O tún ti fi agbára fà á," ló sọ. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Rédíò kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un ṣe, nítorí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti tán.

Bísọ́dún jẹ́wọ́ ohun tó sọ nílé Àlàájì fún ìyá rẹ̀. Màmá náà sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọṣọ. Wọ́n dé ilé Àlàájì ní ọjọ́ Sátidé. Bísọ́dún dọ̀bálẹ̀. Ó ní ìkánjú ló mú òun sọ̀rọ̀ ọjọ́sí: ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, ibẹ̀ náà lòun yóò máa lọ. Hameedat yóò máa kírun nílé òun, òun fúnra òun yóò sì máa bu omi àlùwàlá fún un.

Àlàájì yíjú sí Mary, ó béèrè nípa àwọn ọmọ. Mary ní wọn yóò mọ ilé méjèèjì. Bí wọ́n bá dàgbà, kí wọ́n yàn.

 Àlàájì pe Hameedat.

"Ṣé eléyìí lo fẹ́?"

"Òun ni, bàbá mi."

"Ṣé ó ti ń kọ́ sùúrù?"

"Ó ń kọ́ ọ. Èmi ni n ó máa kọ́ ọ ní sùúrù."

Bísọ́dún ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Àlàájì ní kó dìde.

Ní kóòtù Àkúrẹ́ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní òun kò ní í wá, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Wọ́n fi àga sílẹ̀ fún un níwájú. Nígbà tí gbogbo èèyàn jáde, kò sẹ́ni tó ti jókòó sí i.