Ta Ló Ń Pa Tanwíjí Folúkẹ́?

"Folúkẹ́! Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ fi ẹ̀fọn pa ni? Mo ní kí o da ìdọ̀tí yìí nù! Lónìí olónìí!"

Bọ̀wálé ló ń pariwo báyìí ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Ìkòsí, ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń na ìka sójú ìyàwó rẹ̀. Abọ́ oníke dúdú mẹ́fà tó tò sórí tábìlì lábẹ́ àwọ̀n ni Folúkẹ́ tẹjú mọ́. Ó ti fi ṣíbí funfun bu omi inú abọ́ kẹfà. Kì í ṣe ariwo ọkọ ló ń bà á lẹ́rù.

"Wọ́n tún ti kú," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Olúwa mi ò! Wọ́n tún ti kú!"

Àwọn wo ló kú? Tanwíjí ni o. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Àwọn ọmọ ẹ̀fọn wíńníwínní tó máa ń jó nínú omi yẹn ni yóò sọ bóyá Folúkẹ́ yóò gboyè nínú ẹ̀kọ́ baọ́lọ́jì tàbí kò ní gbà á. Ó ti bímọ kó tó rí yunifásítì wọ̀. Ó ti pọn ọmọ lọ sí kíláàsì, ó ti fi òru kàwé, ó ti gba èébú ọkọ jẹun. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ló kù. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni gbogbo èsì gbọ́dọ̀ wọlé, ẹni tí tiẹ̀ kò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bọ̀wálé sì ti búra lójú gbogbo ilé pé tó bá fi lè di ọdún tó ń bọ̀, ilé ìwé ti parí nìyẹn!

Iṣẹ́ náà kò ṣòro í yé èèyàn. Folúkẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé efinrin lè pa tanwíjí. Ó bu omi efinrin sínú abọ́ márùn-ún, láti orí èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ dé orí èyí tó le, ó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Abọ́ kẹfà, omi lásán ló wà níbẹ̀, òun ló kọ C sí. Tanwíjí inú C kò gbọdọ̀ kú, torí wíwà láàyè wọn la fi ń mọ̀ pé efinrin ló pa àwọn yòókù. Bí C bá kú, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Nílé ló ti ń ṣe é nítorí pé òrùlé láàbù wọn ń jò, olùkọ́ wọn sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni C kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Sister mi. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù."

Oyin nìyẹn, tó gbé tíì jáde láti kíṣìnnì. Ẹ bá mi wo ọmọbìnrin yìí dáadáa, kí ẹ má sì gbàgbé ojú rẹ̀! Ọbàkan Folúkẹ́ ni, bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀. Folúkẹ́ ló lọ mú un wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fún un ní yàrá, ló bá a gba fọ́ọ̀mù, tí àwọn méjèèjì fi wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà, lábẹ́ olùkọ́ kan náà. Iṣẹ́ tirẹ̀, tó fi ewé dongoyáró ṣe, ti wọlé láti oṣù tó kọjá. Ó ń rìn kiri ilé bí ẹni tó ti di dókítà.

"Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o," ló rọra sọ nígbà tí Bọ̀wálé ti wọlé lọ. "Àmọ́ ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Màmá ni. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe máa ń wọ́n omi hàǹtú wọn, omi àdúrà yẹn, kiri ni? Bóyá wọn ò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ wọn ga ju ọmọ wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Folúkẹ́ lára bí òtútù. Màmá, ìyá Bọ̀wálé, arúgbó Ṣakí tó ti ń bá wọn gbé láti ọdún mẹ́ta? Màmá tó máa ń fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀? Kò mọ ohun tí yóò gbà gbọ́ mọ́. Ibi tí ẹ̀rù ti wá bà á jù ni pé bí ẹnì kan bá lè da nǹkan sínú abọ́ tanwíjí, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ kó má dà á sínú ọbẹ̀? Kó má dà á sínú omi mímu?

Àsìkò yẹn gan-an ni Testimony, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, jáde pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, tó bu omi láti inú kẹ́ẹ̀gì, tó gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu.

"Má mu ún!"

Folúkẹ́ fò dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì gbá kọ́ọ̀pù náà dànù. Omi dà sórí yunifọ́ọ̀mù, ọmọ bú sẹ́kún. Màmá sáré jáde láti yàrá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Subuhánálláhì! Kí ló dé? Ṣebí omi lásán ni ọmọ fẹ́ mu!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà fún un lómi mọ́! Ẹ máà fún un ní ohunkóhun!"

Ìyá àgbà wò ó títí. "Ìyàwó mi, ṣé èmi lo ń fi irú ojú yẹn wò?"

Folúkẹ́ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra omi inú ọ̀rá fún Testimony, tó ń kó o sínú báàgì ara rẹ̀, tó ń kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò kí ọmọ tó jẹ. Ilé ọkọ ẹni, kó di ibi tí èèyàn ti ń fi ahọ́n dán oúnjẹ wò! Ẹ gbà mí, irú ìgbésí ayé wo nìyẹn?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ ọ́fíìsì olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Cecilia Ògúntúndé, obìnrin tó ti fẹ́ẹ̀ tó ọgọ́ta ọdún, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Kí Folúkẹ́ tó jókòó tán láti ròyìn pé C tún ti kú, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Testimony, má sunkún sórí ìwé mi. Àwọn tó wà nínú efinrin tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ńkọ́? Gbogbo wọn kú?"

"Rárá, Ma. Ìdajì wọn wà láàyè."

"Ṣé omi kan náà lo bù sí gbogbo wọn?"

"Láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni, Ma."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Omi tó pa C, kí ló dé tí kò pa àwọn yẹn? Kì í ṣe omi. Ọwọ́ èèyàn ni. Ọwọ́ náà sì mọ iṣẹ́ wa. Ta ló wà nínú ilé yín tó mọ̀ pé C nìkan ni kò gbọdọ̀ kú?"

Folúkẹ́ ń ka àwọn ará ilé lọ́kàn. Bọ̀wálé ò mọ nǹkan kan nípa C. "Ìdọ̀tí" lòun ń pe gbogbo ẹ̀. Màmá ò mọ̀wé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ni. Èmi ni mo mú un wá s'Ékòó."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbọ́. Lọ́la, omi lásán ni kí o bù sínú abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Má fi ewé kankan sí i. Kọ nọ́ńbà àti C sí wọn lára bí o ṣe máa ń ṣe. Abọ́ rẹ dúdú, kò sẹ́ni tó máa rí àwọ̀ omi. Kí o sì jáde nílé. A jọ máa lọ wò ó ní aago mẹ́rin."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń ya wèrè ńkọ́, Ma?"

"Nígbà náà, gbogbo wọn á wà láàyè, màá sì fi ẹsẹ̀ ara mi mú ẹ lọ sílé ìwòsàn."

Ní Ọjọ́rú, Folúkẹ́ ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ogún tanwíjí ló kà sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti ka ti abọ́ kejì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Oyin dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń run orín. "Sister mi kì í rẹ̀wẹ̀sì! Ọlọ́run á ṣe é lọ́tẹ̀ yìí." Folúkẹ́ dáhùn "Àmín," ó gbé báàgì, ó jáde. Títí tó fi dé Ketu, ó ń gbàdúrà pé kí gbogbo tanwíjí náà wà láàyè, kó lè jẹ́ pé òun ni wèrè. Ó sàn fún un kó ya wèrè ju kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀dàlẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, òun àti Dókítà wọlé. Bọ̀wálé gbọ́ pé olùkọ́ wà nílé òun, ó sì sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mile 12, níbi tó ti ń ta irúgbìn àti oògùn apakòkòrò fún àwọn àgbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ẹjọ́ ìyàwó òun sun olùkọ́ náà.

"Madam, ẹ wá wo ohun tí ẹ ní kí ìyàwó mi máa sìn nínú ilé mi! Ẹ sọ fún un kó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná, sà." Dókítà ká àwọ̀n. Ó fi ṣíbí bu láti abọ́ kìíní dé ìkarùn-ún, tanwíjí sì ń jó nínú gbogbo wọn. Ó bu C. Ogún tanwíjí rọ̀ sínú omi bí èérún igi, kò sí èyí tó mira.

Oyin bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ mú èjìká Folúkẹ́. "Yéè! C ti tún kú! Ma, mo ti sọ fún Sister mi pé omi ilé yìí ò dáa. Efinrin yẹn gan-an ò sì lágbára, ẹ wò ó bí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ṣe ń jó!"

"Ìwọ rò pé efinrin wà nínú àwọn márùn-ún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Nọ́ńbà wà lára wọn."

Màmá tó jókòó sórí àpótí bá dìde. Ó tẹ̀ síbi abọ́ kìíní, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn ìkarùn-ún. Ó wo gbogbo wọn bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, efinrin wo lẹ̀ ń sọ? Èmi tí mo fi efinrin sebẹ̀ láti kékeré! Omi lásán nìyí!"

Ojú Oyin ràn kòkò.

"Òótọ́ ni Màmá sọ," ni Dókítà wí. "Omi lásán ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Márùn-ún wà láàyè. Èyí tó ní C lára nìkan ló kú. Oyin, ìwọ lo mú ìwádìí dongoyáró wá fún mi lóṣù tó kọjá, tó o ní abọ́ mẹ́rìnlélógún lo ṣe! Ẹni tó bá ti rẹ ewé lẹ́ẹ̀kan péré, imú rẹ̀ á sọ fún un kí ojú rẹ̀ tó ka àkọlé. Níbo lo ti rí àwọn èsì tó o kọ fún mi?"

"Oyin," ni Folúkẹ́ wí, "kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Kí Oyin tó lanu, Bọ̀wálé ti bẹ́ síwájú. "Àṣé ìwọ ni! Mo ti ń fura sí ọmọ burúkú yìí tipẹ́! Òṣìkà! Kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi!"

"Èmi? Bọ̀wálé, èmi lò ń pè lóṣìkà?"

Màmá yí ọrùn padà wéré. Ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin yìí fi ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí ní "Bọ̀dá mi". "Kí lo pè é?" ni ìyá àgbà bi í. "Oyin, kí lo pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mo pè é ní Bọ̀wálé! Orúkọ tí mò ń pè é ní ilé tó gbà fún mi ní Ifákọ̀ nìyẹn!" Oyin fa ìgò kékeré kan yọ láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sọ ọ́ sórí tábìlì. "Ta ló bu oògùn yìí fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀? Ta ló ní bí ìyàwó òun bá fi lè gboyè, kò ní í ka òun sí ọkọ mọ́? Ó ní tó bá ti kúrò nílé ìwé, òun á lé e, èmi á sì wọlé! Àtikékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé Folúkẹ́ ló gbọ́n, Folúkẹ́ ló dáa! Ó ti sú mi! Èmi nìkan kọ́ ló ṣe é!"

Folúkẹ́ wo ìgò, ó wo kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàrin wọn. "Ẹ gbé májèlé síbi tí ọmọ mi ti ń mumi," ló ń sọ. "Bọ̀wálé! Ọmọ tìrẹ náà ni!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun náà pè é lórúkọ. Bọ̀wálé kúnlẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Màmá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Dìde níwájú mi! Walahi, n kò ní jẹ oúnjẹ rẹ mọ́ láyé! Obìnrin yìí rò pé èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ, mo sì gbà á mọ́ra, mò ń sunkún lórí ẹní àdúrà. Àṣé ọmọ inú mi ni! Jáde, ìwọ àti ẹni rẹ!"

Wọ́n jáde lóòótọ́, kò sì dára fún wọn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ pe Oyin, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ dongoyáró náà lójú wọn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ewé. Wọ́n lé e ní yunifásítì. Kò pé oṣù méjì tó fi Bọ̀wálé sílẹ̀ ní Ifákọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Mile 12 gbọ́ ohun tó fi oògùn rẹ̀ ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì dá páropáro.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn èsì ọjọ́ Ẹtì ṣì wà nílẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tí àṣírí tú, Folúkẹ́ to abọ́ méjìdínlógún, ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá sì gbé àpótí rẹ̀ tì wọ́n. Kò kúrò níbẹ̀ àfi láti kírun. Aládùúgbò tó bá yọjú, á ní kó padà sẹ́yìn, tanwíjí òun ń sinmi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, Folúkẹ́ kò lè ká àwọ̀n náà. Màmá ló bá a ká a. Ó bu C àkọ́kọ́.

"Wọ́n ń jó," ni Màmá wí. "Ìyàwó mi, la ojú rẹ! Gbogbo wọn ló ń jó!"

Folúkẹ́ kà wọ́n. Ogún. C kejì, ogún. C kẹta, ogún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú omijé lójú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ foríjì mí. Mo fura sí yín."

"Dìde, kí o lọ wọṣọ. Dókítà ń dúró."

Testimony jáde pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, ó lọ tààrà síbi kẹ́ẹ̀gì tuntun, ó bu omi kún kọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó dúró, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Folúkẹ́ di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mu ún, ọmọ mi," ló sọ, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọmọ fi mu ún tán.