Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ilé Ìwòsàn

"Ó ku ìka ẹnì kan," ni tíṣà ìyàwòrán wí, ó sì da ìwé àwòrán padà fún ọmọbìnrin kan. "Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí i, káfíńtà ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó máa gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Bí agogo bá fi lù tí n kò rí ìka rẹ̀, òdo ni máàkì rẹ."

Rúlà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí kì í fa ìlà láìgbé rúlà. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló yà, tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò máa gbà wọ ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá ṣúmékà tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn ló yẹ kó tẹ̀ka, àmọ́ ẹnu bàbá náà mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ.

"Ta ló fẹ́ lọ jẹ èébú?" ni ọ̀rẹ́ Rúlà wí. "Ìka kì í sọ̀rọ̀. Tẹ tìẹ jàre."

 Rúlà ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ kí bàbá tẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, káfíńtà ti fi pákó kan ọ̀nà náà, tíṣà, Rúlà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wá wò ó. Bàbá ṣúmékà gbé àpótí irinṣẹ́ lé itan, ó ń fi ọwọ́ yí táyà gòkè. Nígbà tó dé ìdajì, ọ̀nà náà ti ga ju agbára apá rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ dúró. Ló bá ń yí padà sẹ́yìn.

"Ẹ dì mí mú o!"

Rúlà fò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi èjìká tì í. Káfíńtà sáré kún un. Àpótí já bọ́, ìṣó tú ká.

"Ìwọ̀n tí wọ́n yà fún ọ kọ́ lo lò yìí!" ni tíṣà jágbe mọ́ káfíńtà. "Bàbá fúnra wọn ló tẹ̀ka sí i."

"Èmi kẹ̀?" ni bàbá ṣúmékà wí. "Ìka ta?"

Ọ̀rẹ́ Rúlà wolẹ̀.  Rúlà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bá káfíńtà wí, sà. Èmi ni mo tẹ ìka tèmi dípò tiyín, bàbá. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi bà ọ́, ẹ̀rù pé mo lè fọ́rí ò bà ọ́!"

Tíṣà kọ òdo. Ọjọ́ mẹ́ta ni Rúlà fi lọ kí bàbá ní ìsọ̀ rẹ̀ tí bàbá kò dáhùn. Bàbá kò sì jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí i. "Gbé e wò."

Rúlà gbé e, ó mí hẹ̀.

"Òun ni mò ń gbé gun òkè rẹ."

Wọ́n jọ tún ọ̀nà náà wọ̀n. Bàbá sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ọ̀sì ní kí ibi ìsinmi wà láàárín. Káfíńtà ní kí pákó gùn sí i kí gíga rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n tún un kàn, bàbá gùn ún láìyí padà sẹ́yìn, kò sì dúpẹ́. Òdo Rúlà náà kò kúrò: ó tún iṣẹ́ ìyàwòrán náà ṣe lọ́dún kejì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó ń ya àwòrán kò dá gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ tún ayé ẹnì kan ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í, bí ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ mú bí abẹ.