Àwọn Màlúù Tó Kọ̀dí sí Àríwá

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má fi wé ìtàn ìjàpá. Arvella fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ọwọ́ tó fi kan màlúù náà ló fi ń bu súgà sí kọfí mi. Obìnrin yẹn kì í purọ́. Ká ní irọ́ ló ń pa ni, ì bá ti jẹ́ kó dùn ju báyìí lọ.

Oṣù Kẹta ni, ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ ìwọ̀ oòrùn Oklahoma. Koríko ṣì gbẹ láti ìgbà òtútù, igi kan ò tíì rúwé, àmọ́ oòrùn ọjọ́ náà ń jó bíi ti oṣù Keje. Rédíò ti ń kìlọ̀ láti àárọ̀: ooru tó dé ṣáájú àkókò rẹ̀, afẹ́fẹ́ líle láti gúúsù, kẹ́nikẹ́ni má ṣáná níta, tó bá di alẹ́, òtútù yóò já wọlé láti àríwá, afẹ́fẹ́ yóò sì yí padà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, iná ti ràn ní ìwọ̀ oòrùn. Èéfín rẹ̀ ń kọjá lọ lókèèrè, bí ọkọ̀ ojú irin tí kò ní í dúró ní ibùdó wọn.

Opó ni Arvella. Àwọn ẹgbọrọ abo màlúù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kù tó fi ń jẹun, gbogbo wọn ló sì lóyún sínú. Ó jáde lọ wò wọ́n.

Wọ́n wà ní igun pápá níhà gúúsù, wọ́n fún mọ́ra wọn nídìí ọgbà wáyà. Wọ́n kọ̀dí sí àríwá. Wọ́n dorí kodò.

Arvella dúró. Màlúù kì í ṣe báyẹn àfi tí ìjì yìnyín bá ń jà. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń kọ̀dí sí i, tí wọ́n á máa rìn níwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wáyà á fi dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ lù wọ́n lójú. Eruku ń wọ ojú wọn. Wọn ò ṣẹ́jú. Kò sí èyí tó ké.

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn èyí tó sún mọ́ ọn.

Yìnyín ni. Ó wà nínú irun, ó le, ó ń ha á lọ́wọ́. Èémí ẹran náà ń rú funfun.

Ó pe Clete, àbúrò ọkọ rẹ̀, lórí fóònù.

"Ọkọ mi kékeré, wá."

"Ṣé iná ni?"

"Kì í ṣe iná."

"Ẹ ti tún jáde láì dé fìlà, ìyàwó wa. Oòrùn yìí á sè yín lọ́pọlọ o."

"Ṣáà wá."

Clete dé tòun ti ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé màlúù ló ránṣẹ́ pe òun àbí ìyàwó. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún un nù.

"Kí lẹ fi pa wọ́n lára?"

"Kí ni mo ní tí mo máa fi pa wọ́n lára?"

Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tiwájú. Wọn ò sáré, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń tì ni. Ẹ̀gún wáyà ti wọ ọ̀kan láyà. Bí wọ́n bá tì báyẹn díẹ̀ sí i, oyún á wálẹ̀ lára àwọn tó wà níwájú.

Ní òdìkejì wáyà, oko àlìkámà Harlan ló wà, ó tutù yọ̀yọ̀. Harlan aládùúgbò wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́dún tó kọjá, akọ màlúù wọn kan já wọ inú àlìkámà yẹn. Láti ọjọ́ náà kò kí Arvella mọ́, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lágbègbè yẹn, èèyàn lè dárí ji ẹni tó gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹni tó bá gé wáyà rẹ̀, ìjà náà á dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ.

"Ẹ jẹ́ ká pè é ná," Clete wí.

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn panápaná. Mo ti pè é, kò gbé e."

"Ẹ jẹ́ ká lé wọn padà sápá ibí, jàre."

Wọ́n lé wọn. Clete pariwo, ó fi fìlà nà wọ́n nímú. Kò sí èyí tó yí orí padà.

"Bí mo bá gé wáyà yìí, tí kò sì sí nǹkan kan tó ń lé wọn ńkọ́?" Arvella bi í.

"Á jẹ́ pé ẹ máa wá ṣọ́ọ̀ṣì míì."

Arvella na ọwọ́. "Mú pílíásì wá."

Wáyà já, ó ká padà bí ejò. Àwọn màlúù gba àárín Arvella àti Clete kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òtútù ń jáde lára wọn. Èyí tó kẹ́yìn kọjá.

Ìró pátákò kò dáwọ́ dúró.

Ó ń bọ̀ láti inú pápá tó ṣófo. Ó ń gba àlàfo wáyà kọjá, ó wúwo, kò yára. Àlìkámà ń wó lulẹ̀. Ojú ò rí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan mí sí Arvella létí. Ó ń rùn bí irun ẹran tó rin fómi. Clete ṣí fìlà, ó fi bo àyà, bí ẹni tí òkú ń kọjá níwájú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti tán?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Má sọ̀rọ̀."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tán.

Afẹ́fẹ́ gúúsù wá kú. Pápá pa rọ́rọ́. Òtútù tí rédíò sọ já lù wọ́n láti àríwá, alẹ́ ò sì tíì lẹ́. Iná tó ti ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yíjú padà. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn di iwájú, ó kọjú sí wọn. Wọ́n sáré wọ inú àlìkámà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí iná ṣe jẹ pápá Arvella láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó dé ìdí wáyà. Àlìkámà tútù kò gbaná. Ó kú síbẹ̀.

Àwọn màlúù rẹ̀ dúró sínú oko, wọ́n ń jẹun. Ara wọn ti gbẹ.

Harlan dé bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ó wo wáyà tí wọ́n gé. Arvella ti ń wá ọ̀rọ̀ àforíjì, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò wò ó. Oko rẹ̀ ló ń wò. Ipa pátákò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fẹ̀ bí odò, ó ń lọ sí gúúsù títí ojú kò fi tó o mọ́.

"Arvella, tìrẹ nìwọ̀nyí," ó na ọwọ́ sí àwọn màlúù náà. "Ta ló ni àwọn yòókù?"



Oṣù Karùn-ún ni àwọn màlúù náà bí. Ooru ti wá dé tòótọ́. Gbogbo ọmọ ló yè, wọ́n sì sanra, àmọ́ etí wọn kúrú, ṣóńṣó rẹ̀ ti dúdú, ó ti gé. Arvella pe oníṣègùn ẹranko. Oníṣègùn náà kúnlẹ̀ ti èyí tó kéré jù.

"Òtútù ló gé etí wọn," ó wí. "Bí ti àwọn tí wọ́n bá bí sínú ìjì yìnyín náà ló rí. Níbo lẹ kó wọn sí?"

"Nínú ọgbà níbí. Àná ni wọ́n bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Òógùn ń ro tótó ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo oòrùn. Ó fi àtàǹpàkò ra etí náà lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá," ó wí, "etí náà ṣì ń di yìnyín."