Kọ̀ǹpútà Padà Sípò, Máàkì Ò Padà

“Tẹ̀ ẹ́ jàre! Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?”

Ulrich ló ń sọ̀rọ̀. Prisca ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká bàbá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rogatien, bàbá Prisca, ló ń kọ́ kíláàsì àwọn méjèèjì ní ìṣirò ní Adja-Ouèrè, ó sì ti lọ síbi ìsìnkú láti àárọ̀ Àbámẹ́ta náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ulrich ti ń fi Prisca ṣe yẹ̀yẹ́ pé Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé wọn, ti darúgbó, pé ó ń rìn bí ìgbín. Ó ní kí àwọn yọ ọ́, kí àwọn fi Linux rọ́pò rẹ̀ bí àwọn ọmọ Cotonou ti ń ṣe. Prisca mọ̀ dájú pé bàbá òun ò fún òun láyè. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa pe òun ní ará oko? Ní Adja-Ouèrè níbí, tí gbogbo wa ń lọ sóko!

Kọ̀ǹpútà béèrè lédè Faransé bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́. Prisca ò kà á dópin. Ó tẹ “Oui”, bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pé wákàtí kan tí ojú tuntun fi yọ, tó ń dán gbinrin. Ulrich pàtẹ́wọ́. Prisca náà ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi wá ibi tí bàbá rẹ̀ ń kọ máàkì ìdánwò sí, tó wá a títí tí kò rí i. Máàkì ọmọ mọ́kàndínlógójì! Ọjọ́rú ni bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kó wọn lọ síbi ìpàdé tí àwọn olùkọ́ yóò ti pinnu ẹni tó máa gòkè kíláàsì. Wọ́n ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ulrich ti gbọ̀n tirẹ̀. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Prisca gbé kọ̀ǹpútà, ó sáré lọ bá Armand tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà.

“Fòfó Armand, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá Windows padà kí Pàápá tó dé.”

Armand ṣe é títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Windows padà, ó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ìyẹn gan-an ni wàhálà, torí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

“Mo ti tún ilé kọ́,” Armand wí, “àmọ́ mi ò rí ẹrù inú rẹ̀ kó jáde.”

Prisca bú sẹ́kún. “Ẹ bá mi bẹ Pàápá. Ẹ sọ pé fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.”

“N ó bá ọ bẹ̀ wọ́n. Ta ni yóò bá ọmọdé bẹ̀bẹ̀ bí kò ṣe àgbà? Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni wọ́n ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó o ṣe. Mi ò lè fi irọ́ bẹ ẹnikẹ́ni.”

Nírọ̀lẹ́, Prisca kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, Armand sì bẹ̀bẹ̀. Ojú ti bàbá rẹ̀, inú sì bí i, nítorí òun náà ò kọ máàkì náà síbòmíràn.

“Mo ti dá ìwé ìdánwò padà fún gbogbo yín,” ó wí. “Ìwọ ni yóò lọ kó wọn jọ, láti ilé dé ilé.”

Armand yá a ní kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Àìkú àti Ajé, Prisca dé abúlé Tatonnonkon, ó dé Kpoulou, ó sì ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ilé tó wọ̀. Ní Oko-Akarè, Ìyá Fáṣèyí na ọwọ́ sókè àjà, ó mú ìdì kékeré kan, ó tú u, ó da kóró ata inú rẹ̀ sínú igbá. Ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló fi dì í.

“Mi ò mọ̀wé,” ìyá náà wí. “Wọ́n ní ọmọ mi ṣe dáadáa, ni mo bá fi di irúgbìn mi. Ohun tá à ń fi irúgbìn sí kì í sọnù nílé yìí.”

Máàkì mẹ́rìndínlógún nínú ogún ló wà lórí ìwé náà. Ojú ti Prisca ju ti ìgbà tó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ lọ.

Ulrich pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó na ìwé tirẹ̀ sí i. Mẹ́jọ ló gbà.

“Tìẹ ńkọ́?”

“Méje.”

“Dáná sun ún! Sọ pé ó sọnù, pé mẹ́tàlá lo gbà. Ta ló máa mọ̀? Kọ̀ǹpútà ti gbàgbé.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Prisca létí, ká má parọ́. Méje yẹn lè mú kó tún kíláàsì kà. Ó di ìwé tirẹ̀ mú lọ́wọ́ títí ó fi délé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ̀ fa òkìtì ìwé náà mọ́ra. Ti Prisca ló wà lókè pátápátá.

“Kí ló dé tó o fi tìẹ síwájú?”

“Kí n má bàa rí àyè yí ọkàn padà, Pàápá.”

Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì kọ méje sílẹ̀.

Prisca tún kíláàsì náà kà lóòótọ́, ó sì sunkún gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò àkọ́kọ́ ọdún tuntun parí, bàbá rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà ka iwájú rẹ̀, ó sì gbé ìwé àjákọ tuntun kan tì í.

“Ìwọ ni yóò máa bá mi kọ máàkì,” ó wí. “Kọ ọ́ síbi méjèèjì.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, Armand kan yóò tún un ṣe láàárín ọjọ́ kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ò ní alátùn-únṣe bí kò ṣe ẹni tó bà á jẹ́, òótọ́ nìkan ló sì lè fi tún un ṣe.