Táyé Lọ Sọ́jà

Àárọ̀ ọjọ́ tí Táyé lọ, ibà kò mú un, ikọ́ kò ṣe é. Ìyá rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ló gbé e jáde láti inú yàrá, ọrùn ọmọ rọ̀ bí ewé ẹ̀gẹ́ tí oòrùn pa. Ní Igbó-Ọrà, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó lọ sọ́jà ni à ń wí. Ẹni tó bá sì lọ sọ́jà, ta ni yóò béèrè ohun tó pa á?

Láti ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé ti gbé ẹkún dé. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e jó, wọ́n kọrin ìbejì títí ohùn fi há. Adéníran, bàbá rẹ̀, gbé e sórí ọ̀kadà yí àdúgbò ká. Òfo. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: ìyá Adéníran, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Màmá á gbé ọmọ wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, kẹ́kẹ́ á sì pa.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ò tiẹ̀ ronú ni?" Gbémisọ́lá ló sọ̀rọ̀, aránṣọ ojúlé kejì, bí wọ́n ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. "Ẹyẹ wo ló máa ń bà sórí yàrá màmá yẹn nírọ̀lẹ́?"

"Òwìwí ni."

"Ẹ sì jókòó! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ẹ tún ń bọ́ èkejì sanra dè wọ́n."

Ó yẹ kí Ọmọ́ṣọlá bínú. Àmọ́ ara tù ú, ìtura náà sì ń tì í lójú. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe òun. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ yẹn, Táyé ń ké, ó sì ti pẹ́ fún Ọmọ́ṣọlá láti lọ síléèwé tó ti ń ṣe tíṣà. Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lágbo, ó dí i nímú kó lè tètè gbé e mì. Àgbo tá a lórí. Ẹkún sì dákẹ́.

Ó sọ ọ̀rọ̀ Gbémisọ́lá fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òwìwí bà, ẹkún dákẹ́, Adéníran sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Gbémisọ́lá tẹ̀ lé e wọlé. Ìyá Àgbà jókòó lórí ẹní. Kẹ́hìndé ń sùn. Ìró kan tí wọ́n ká bí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé fìlà.

"Ẹrù àjẹ́ rèé o! Jésù!" Gbémisọ́lá figbe ta.

"Màmá, kí lèyí?" Adéníran nawọ́ sí ìró náà.

"Fìlà Táyé ni. Ọmọ tó ń bá ẹnì kejì sùn láti inú oyún, ẹ ní kó máa dá sùn. Mo wá ẹnì kejì fún un ni."

"Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Mò ń gbé yín lọ bá àwọn ẹbí yín ní ìlú Tápà."

Màmá di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá lára Ọmọ́ṣọlá lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ife àgbo yẹn, mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Fọkàn balẹ̀."

Ọ̀kadà dún. Kẹ́hìndé ta jí, ó bú sẹ́kún.

Ọmọ́ṣọlá sáré jáde láìwọ bàtà, ó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. "Bàbá Ìbejì, ẹ pa ọ̀kadà yìí! Táyé ò lọ sọ́jà."

"Èèwọ̀!" ni Gbémisọ́lá wí.

"Táyé kú. Èmi ni mo rọ ọ́. Mo dí i nímú. Ọwọ́ mi ló kú sí."

Adéníran kò lè wo ìyàwó, kò lè wo ìyá. Gbémisọ́lá bá ilé rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà rọra sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wọlé, ó gbé ọmọ jáde. Ọmọ́ṣọlá fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má gbé e fún mi, Màmá."

"Gbà á. Ọwọ́ kan náà ni wàá fi tọ́ ọ."

Ó gbé ọmọ lé e lápá kan, ó gbé ìró tó dé fìlà lé èkejì. Kẹ́hìndé na ọwọ́, ó kan fìlà, ó dákẹ́. Ilé wá pa rọ́rọ́, débi pé gbogbo àdúgbò gbọ́ bí Ọmọ́ṣọlá ṣe ń sunkún.